Ìbéèrè Ọjọ́ Àkọ́kọ́: Ohun Tí Oníṣòwò Kékeré Lè Rí Kọ́ Nínú Eré King of Dragon Pass

Ẹ̀kọ́ tòní yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí a máa ń ṣe. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ báńkì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó-orí. Ọ̀rọ̀ eré orí kọ̀ǹpútà ni, irú géèmù tí àwọn ọmọ wa máa ń tẹ̀ lórí fóònù títí bátìrì yóò fi kú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ohun tí eré náà kọ́ mi láàárín wákàtí kan, ká ní mo mọ̀ ọ́n ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni, owó kan kì bá tí bọ́ lọ́wọ́ mi, ọ̀rẹ́ kan kì bá sì tí bọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọdún 2008, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan pa owó pọ̀, a sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí a ti ń tẹ ìwé. A ní ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì méjì, kọ̀ǹpútà kan àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Lọ́jọ́ tí a ṣí i, a pe àwọn ẹbí, a gbàdúrà, a pín ohun mímu. Gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe lọ́jọ́ ìṣíṣọ́ọ̀bù la ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí a kò ṣe ni pé a kò bi ara wa ní ìbéèrè kankan.

Oṣù kìn-ín-ní kò tíì pé tí àbúrò ọ̀rẹ́ mi gbé iṣẹ́ wá. Ó fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ó sì ní òun yóò san owó lẹ́yìn ìnáwó. Ọ̀rẹ́ mi bá a ṣe é. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n n kò sọ̀rọ̀. Oṣù kejì, ìbátan ìyàwó mi tó ní ilé-ẹ̀kọ́ gbé ìwé ìdánwò wá, òun náà ní òun yóò san tí àwọn òbí bá ti sanwó. Èmi náà bá a ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi kò sọ̀rọ̀. Ẹ gbọ́, bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní ń bá. Nígbà tí ẹ̀rọ kan bàjẹ́ ní ọdún kejì, kò sí owó tí a ó fi tún un ṣe, nítorí pé gbogbo owó wa wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa. Ó ní àwìn mi ló fa á. Mo ní àwìn tirẹ̀ ló fa á. Ọdún kẹta ni a ta ẹ̀rọ tó kù. A pín owó náà, ọ̀rẹ́ náà sì pín.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí a ti ṣìnà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi hàn mí láìmọ̀, nígbà tó jókòó tì mí tó ń ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní King of Dragon Pass.

KÍ NI ERÉ YÌÍ?

Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ A Sharp ló ṣe eré náà, David Dunham sì ni aṣáájú iṣẹ́ ọ̀hún. Ọdún 1999 ni ó kọ́kọ́ jáde fún kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe eré ìbọn, kì í ṣe eré bọ́ọ̀lù, kì í sì í ṣe eré mọ́tò. Eré bí a ṣe ń ṣàkóso agbo ilé ni. Ẹni tó ń ṣe é ni yóò máa darí agbo ilé kan láti ọdún dé ọdún. Òun ni yóò pinnu oko tí wọn yóò dá, màlúù tí wọn yóò tà tàbí tí wọn yóò pa mọ́, aládùúgbò tí wọn yóò bá ṣòwò, èyí tí wọn yóò bá jà, àti òrìṣà tí wọn yóò rúbọ sí.

Ìlú inú eré náà kì í ṣe ìlú gidi. Glorantha ni wọ́n ń pe ayé ọ̀hún, Greg Stafford, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó kú ní ọdún 2018, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó jọ láti ọdún 1966. Nínú ayé náà ni ilẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Dragon Pass. Àwọn dírágónì ti pa gbogbo ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ run tipẹ́tipẹ́, ilẹ̀ náà sì di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún. Agbo ilé tí ẹ ń darí wà lára àwọn tó sá kúrò ní ilẹ̀ baba wọn nígbà tí alágbára kan tí wọ́n ń pè ní Pharaoh gba ibẹ̀. Wọ́n wá tẹ̀dó sí ilẹ̀ ahoro yìí pẹ̀lú àwọn ìdílé mìíràn tó ṣí wá bíi tiwọn.

Ọrọ̀ wọn kì í ṣe owó bébà. Màlúù ni. Iye màlúù tí agbo ilé kan ní ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe lọ́lá tó, màlúù ni wọ́n fi ń san gbèsè, òun náà ni wọ́n sì fi ń ṣe ìtanràn. Àwọn olórí méje ló ń jókòó sí ìgbìmọ̀ agbo ilé, baálẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ ÌBẸ̀RẸ̀

Ẹ wá wo ibi tí ẹ̀kọ́ wa wà. Kí ẹ tó rí màlúù kan, kí ẹ tó mọ iye àgbẹ̀ tí ẹ ní, eré náà á kọ́kọ́ jókòó tì yín, á máa sọ ìtàn àwọn baba ńlá agbo ilé yín fún yín. Bí ìtàn náà ṣe ń lọ, á máa dúró, á sì máa bi yín ní ìbéèrè: kí ni àwọn baba ńlá yín ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi báyìí?

Ó á bi yín nípa òrìṣà tí wọ́n fi ṣáájú. Ṣé Orlanth ni, olú òrìṣà wọn tó ni ìjì? Àbí Ernalda, ìyá tó ni ilẹ̀? Ó á bi yín nípa ọ̀tá àtayébáyé yín, ìran tí ẹ̀yin àti wọn kò jọ jẹun láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ó á bi yín bóyá àwọn baba ńlá yín kó ẹrú, tàbí wọ́n kọ̀ ọ́. Ó á sì bi yín irú agbo ilé tí ẹ jẹ́: ṣé ti ogun ni, ṣé ti àlàáfíà ni, àbí ẹ wà láàárín méjèèjì?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ń fọn ikun. Ó tẹ èyí, ó tẹ ìyẹn. Ó mú ogun, nítorí ó ní ogun ló dùn. Ó ní kí ìbéèrè yé pọ̀, kí eré bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa ṣe ọdún bíi mẹ́rin nínú eré náà, àwọn jagunjagun rẹ̀ ń bínú pé òun kì í kó wọn lọ sógun. Ó ní, “Bọ̀dá, èmi ò tiẹ̀ fẹ́ jà mọ́. Oko ni mo fẹ́ máa dá.” Mo ní, “Ìwọ lo sọ pé ilé ológun ni ilé yín.” Bí mo ṣe sọ ọ́ báyẹn ni ọkàn mi já. Mo rántí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká wá tú u wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀KỌ́ KÌN-ÍN-NÍ: KÒ SÍ ÌDÁHÙN TÍ KÒ NÍ GBÈSÈ

Ohun tó wú mi lórí jù nínú àwọn ìbéèrè náà ni pé kò sí ọ̀kan tí wọ́n kọ “ó tọ̀nà” tàbí “kò tọ̀nà” sí lára. Ilé ológun lè di ńlá. Ilé àlàáfíà náà lè di ńlá. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní èrè tirẹ̀, ó sì ní gbèsè tirẹ̀. Ẹni tó bá ní ilé ológun ni òun, àwọn ènìyàn rẹ̀ á máa retí pé kó kó wọn lọ kó màlúù àwọn aládùúgbò wá. Tó bá jókòó sílé jù, wọ́n á máa kùn. Ẹni tó bá ní ilé àlàáfíà ni òun, àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í fẹ́ kó máa jagun lemọ́lemọ́. Tí aládùúgbò bá wá kó màlúù wọn lọ, kò ní rọrùn fún un láti gbẹ̀san bí ẹlòmíràn ṣe ń gbẹ̀san.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà rí. Ẹ̀yin tó ń ta ohun èlò ilé, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ọjà yín ló máa pọ́ọ́kú jù ládùúgbò, ilé ológun ni yín. Àwọn oníbàárà á ya wá, ṣùgbọ́n iye owó ni wọ́n bá wá, iye owó náà ni yóò sì kó wọn lọ. Lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá já náírà márùn-ún kúrò lórí tirẹ̀, ogun dé. Ẹ gbọ́dọ̀ lè jà á lóòjọ́. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé ọjà tiyín kì í bàjẹ́, àti pé ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́ kó dá a padà, ilé àlàáfíà ni yín. Ọjà á kọ́kọ́ falẹ̀. Ẹ ó gba ọjà tó bàjẹ́ padà nígbà tí ara yín kò gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kó mú ẹlòmíràn dání nígbà kejì.

Èwo ló dára? Méjèèjì. Èyí tí kò dára ni kí ènìyàn fẹ́ gba èrè ọ̀kan, kó má sì fẹ́ san gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: ÌDÁHÙN ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́ MÁA Ń DI ÈÈWỌ̀

Nínú ilé wa, a mọ ohun tó ń jẹ́ èèwọ̀. Ìdílé kan kì í jẹ irú ẹran kan, ìdílé mìíràn kì í pa irú ejò kan. Ẹ bi ọmọ ilé náà léèrè, ó lè má mọ ìdí rẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé ilé àwọn kì í ṣe é. Ẹnì kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, nítorí ohun kan tó ṣẹlẹ̀.

Báyìí gan-an ni eré King of Dragon Pass ṣe lo àwọn ìdáhùn náà. Ohun tí ẹ sọ pé àwọn baba ńlá yín ṣe, òun ni ó di ìwà agbo ilé yín. Ẹ mú ọ̀rọ̀ ẹrú yẹn. Ní ayé tiwa, ìwà ibi ni, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Nínú eré náà, ohun tí ọ̀rọ̀ náà fi hàn ni pé ilé tó bá ti sọ pé àwọn baba ńlá òun kò kó ẹrú kò kàn lè jí lọ́jọ́ kan kó kó àwọn tó mú lójú ogun sínú oko torí pé iṣẹ́ pọ̀. Inú àwọn baba ńlá kò ní dùn sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ọ̀tá. Tí ẹ bá ti sọ pé ìran kan ni ọ̀tá yín, lọ́jọ́ tí ìran yẹn bá wá bá yín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òwò tó lérè, àwọn ènìyàn yín kò ní fẹ́ gbọ́.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù wa. Ní ọjọ́ tí àbúrò ọ̀rẹ́ mi gba àwìn, tí n kò sì sọ̀rọ̀, mo rò pé a kò tíì pinnu nǹkan kan. A ti pinnu. A ti dáhùn pé ilé àwìn ni ilé wa. Nígbà tí èyí ìyàwó mi dé, báwo la ṣe fẹ́ sọ pé rárá? Èèwọ̀ ti di ti ilé náà, àmọ́ èyí tó wà níbẹ̀ ni pé ilé wa kì í lé ẹbí padà lọ́wọ́ òfo. Àìsọ̀rọ̀ náà ìdáhùn ni. Eré kọ̀ǹpútà sàn jù wá lọ níbi kan: ó dá yín dúró, ó bi yín, ó sì dúró de ẹnu yín. Ọjà kì í bi ènìyàn. Ọjà á kàn wo ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ àkọ́kọ́, á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: ÈSÌ KÌ Í TÈTÈ DÉ

Ọdún inú eré náà ní ìgbà márùn-ún: ìgbà òkun, ìgbà iná, ìgbà ilẹ̀, ìgbà òkùnkùn àti ìgbà ìjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àsìkò mímọ́ tí wọ́n fi ń parí ọdún, nígbà tí agbo ilé á jókòó wo bí nǹkan ṣe lọ, tí wọn á sì pín agbára òrìṣà tí wọ́n ní sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó ní ọdún tuntun: oko ni, ẹran ọ̀sìn ni, ogun ni, tàbí òwò. Nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan, ìgbésẹ̀ díẹ̀ péré ni ẹ lè gbé. Láàárín rẹ̀ ni ọ̀ràn á máa yọjú: àlejò dé, aládùúgbò ń ṣàròyé, ọmọ ilé kan ṣẹ̀.

Ohun tí àwọn tó mọ eré náà dáadáa máa ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ohun tí ẹ ṣe lónìí lè má bí èsì àfi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ lè lé àlejò kan lọ ní ọdún kejì, kí ẹ ti gbàgbé rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tún padà wá bá yín lọ́jọ́ tí ẹ kò rò. Èyí ni kò jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe é mọ ohun tó fa ìṣòro rẹ̀. Ó á máa wo ohun tó ṣe lánàá, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ń san gbèsè rẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bàjẹ́, a bá ẹ̀rọ jà. A bá oníṣẹ́ ẹ̀rọ jà. A bá ara wa jà. Kò sí ẹni tó padà lọ wo oṣù kìn-ín-ní. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìrì bá wó o, ìrì ni gbogbo ènìyàn á máa bú.

Ẹ̀KỌ́ KẸRIN: ẸNI TÍ Ẹ GBÉ JÓKÒÓ NI YÓÒ MÁA GBÀ YÍN NÍMỌ̀RÀN

Lẹ́yìn àwọn ìbéèrè náà, iṣẹ́ ńlá mìíràn ni láti yan àwọn tí yóò wà nínú ìgbìmọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní òrìṣà tó ń sìn, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì máa ń jọ òrìṣà rẹ̀. Ẹni tó ń sin Issaries, òrìṣà àwọn oníṣòwò, ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà ni yóò máa ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ẹni tó ń sin Humakt, òrìṣà ikú àti idà, kì í bẹ̀rù ogun. Ẹni tó ń sin Chalana Arroy, òrìṣà ìwòsàn, kì í fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Ẹlẹ́tàn kan tiẹ̀ wà, ọmọlẹ́yìn Eurmal, tí ìmọ̀ràn rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lásán.

Kò sí òpùrọ́ nínú àwọn tó kù. Olúkúlùkù ń sọ òtítọ́ bó ṣe rí i láti ibi tó dúró sí. Iṣẹ́ yín ni láti mọ ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí, kí ẹ sì rí i pé àwọn tó yí yín ká bá irú ilé tí ẹ ní ẹ jẹ́ mu.

Nínú òwò tiwa náà, ẹni tó ń ta ẹ̀rọ fún yín á ní kí ẹ ra òmíràn sí i. Ẹni tó ń yáni lówó á ní kí ẹ yá sí i. Ẹ̀gbọ́n tó ti jẹ gbèsè rí á ní kí ẹ má yá kọ́bọ̀. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn yín. Ẹ gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ìdáhùn ọjọ́ àkọ́kọ́ yín máa darí yín. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé àlàáfíà, tí ẹ sì kó Humakt méje jókòó yí ara yín ká, ẹ ó jagun kẹ́yìn ni, ẹ ó sì jà á láì múra.

Ẹ̀KỌ́ KARÙN-ÚN: ÀWỌN TÓ ṢE ERÉ NÁÀ FÚNRA WỌN DÁHÙN ÌBÉÈRÈ

Ẹ jẹ́ ká kúrò nínú eré, ká wo ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ní ọdún 1999, àwọn ilé-iṣẹ́ eré ńlá ń sáré tọ àwòrán tó ń rìn, tó ń fò, tó ń yí síwá sẹ́yìn. A Sharp kò bá wọn sáré. Wọ́n ní ìtàn ni tàwọn. Wọ́n kó àwọn ayàwòrán jọ láti ya àwòrán tí kì í mira, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀ kí ènìyàn kà á, kó sì yan ohun tí yóò ṣe. Robin D. Laws, òǹkọ̀wé ọmọ Kánádà, ló kọ púpọ̀ nínú ìtàn náà.

Ìdáhùn yẹn ní gbèsè. Eré tí a ń kà bí ìwé kì í ṣe ohun tí gbogbo ọ̀dọ́ ń wá lórí àtẹ ṣọ́ọ̀bù, kò sì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò sá fún ohun tí wọ́n ti sọ. Ní ọdún 2011, wọ́n gbé e jáde fún iPhone. Lójú tèmi, àwòrán tí kì í mira àti ọ̀rọ̀ kíkà tó dà bí àléébù ní 1999 gan-an ló bá ojú fóònù kékeré mu, ó sì bá ẹni tó fẹ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣeré nínú ọkọ̀ mu. Àwọn òǹrajà tí kò tíì gbọ́ orúkọ wọn rí ló rí wọn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti lè ṣe òmíràn, Six Ages: Ride Like the Wind, tó jáde ní 2018, àti Six Ages 2: Lights Going Out, tó jáde ní 2023. Irú ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀ nínú gbogbo wọn: àwòrán, ìtàn, agbo ilé, ìbéèrè.

N kò sọ pé kí ènìyàn di orí kunkun mú. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí ọjà tuntun dé, wọ́n mọ èyí tó yẹ àwọn.

IBI TÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ TI SÀN JU ERÉ LỌ

Nínú eré náà, ìtàn àwọn baba ńlá kò ṣeé yí padà. Bí ẹ bá ti dáhùn, ó tán. Ẹ ní láti máa gbé pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí ẹ pa á tì, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ṣọ́ọ̀bù kò rí bẹ́ẹ̀. A lè yí ìdáhùn padà. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀nà tí a ń gbà ṣe é.

Àkọ́kọ́, ẹ sọ ọ́ síta kí ọ̀ràn tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ dá àwìn dúró kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí àna rẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àna ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀tá ló fi ń ṣe. Kó kọ ọ́ sára ògiri, kó dá ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, kó sì sọ fún gbogbo oníbàárà bákan náà.

Èkejì, ẹ mọ̀ pé ẹ ó san owó àyípadà. Àwọn oníbàárà kan á lọ. Ẹ fi wọ́n sínú ìṣirò yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí àárẹ̀ má baà mú yín padà sí àtijọ́ ní oṣù kejì.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, pàápàá ohun tó bá kan ẹni méjì. Ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń yí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹ mọ̀ pé èyí náà jẹ́ ìbéèrè ọjọ́ àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ orúkọ ìṣòwò nìkan lẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yin àti òwò náà ṣì jẹ́ ọ̀kan lójú òfin, gbèsè òwò sì lè wọlé tọ̀ yín. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì, òwò náà dá dúró bí ẹni ọ̀tọ̀. Òfin kọ́ńpìnnì ti ọdún 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láàyè láti dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀, kò di dandan kí a máa wá orúkọ ẹni kejì fi kún un bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá wù yín, ẹ mọ gbèsè rẹ̀ kí ẹ tó mú un.

IṢẸ́ ÀṢETILÉWÁ

Ẹ mú bírò àti ìwé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin méjì lẹ ni òwò, kí olúkúlùkù dáhùn lọ́tọ̀, kí ẹ má wo ti ara yín, kí ẹ tó wá gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

1. Òrìṣà wo ni a fi ṣáájú? Ìyẹn ni pé, tí a bá gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan ṣoṣo nínú iye owó tó pọ́ọ́kú, ọjà tó dára àti iṣẹ́ tó yá, èwo ni tiwa?

2. Ṣé ilé ológun ni wá tàbí ilé àlàáfíà? Tí ẹnì kan bá já owó ọjà wá sílẹ̀ lọ́la, ṣé a ó já tiwa, àbí a ó dúró?

3. Ta ni ọ̀tá wa? Ẹ má kọ orúkọ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ kọ ohun tó ń jẹ owó yín gan-an: àwìn ni, olè ni, owó epo jẹnẹrétọ̀ ni, tàbí ọjà tó ń bàjẹ́ lórí àtẹ.

4. Báwo la ṣe ń ṣe sí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ àti ẹni tí a gbà síṣẹ́? Nígbà wo ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ yóò gba òmìnira, kí la ó sì fi lé e lọ́wọ́? Ohun tí ẹ bá ṣe fún ẹni àkọ́kọ́ ni ẹni kẹwàá yóò máa retí.

5. Ṣé ẹbí lè gba ọjà láìsanwó? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ta ni nínú ẹbí, títí dé iye wo, ta ni yóò sì san án?

6. Bí a bá fẹ́ pínyà, báwo la ó ṣe pín in?

Tí ìdáhùn yín bá yàtọ̀ síra, ẹ má bínú. Ìdùnnú ló yẹ kó jẹ́, nítorí pé ẹ ti rí i lórí ìwé kí ẹ tó rí i lójú ọjà. Ẹ jókòó sí i títí ẹ ó fi fẹnu kò, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi í pamọ́ síbi tí ẹ ti lè rí i. Nígbà tí ọdún bá parí, ẹ ṣe bí àwọn agbo ilé yẹn ṣe ń ṣe ní àsìkò mímọ́: ẹ mú ìwé náà jáde, ẹ kà á sókè, kí ẹ wo ibi tí ẹ ti mú ọ̀rọ̀ yín ṣẹ àti ibi tí ẹ ti yẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́ yẹn, mo wá a lọ lẹ́yìn tí mo rí eré náà. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí, iṣẹ́ ìwé náà ló ṣì ń ṣe. Mo fún un ní ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo ní kó dáhùn wọn bó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ ní ọdún 2008. Èmi náà dáhùn tèmi. Nígbà tí a gbé ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, márùn-ún nínú mẹ́fà ló bára mu. Karùn-ún, ti ẹbí, nìkan ni a ti yàtọ̀. Ó wo ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ìbéèrè kan yìí náà ni a kò lè bi ara wa?” N kò mọ èsì tí mo lè fún un. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì ṣí tiyín, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ṣí i tí ẹ kò tíì béèrè, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Ọjà á bá wa tà.